Ìbàdí Ajá, Àpò Olówó Ajá

Àrùn ìdílé ni àìsàn ìbàdí ajá. Ó yẹ kí orí egungun itan jókòó pinpin sínú ihò oríkèé, ṣùgbọ́n lára ajá tó jogún àrùn yìí, ihò náà kì í jìn tó; egungun á máa yẹ̀ nínú rẹ̀, á máa ha á, títí làkúrègbé yóò fi wọlé. A kì í rí i lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ ajá. Bó bá ń dàgbà ni yóò máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fò pọ̀ tó bá ń sáré. Àwọn ajá ńlá bíi Jámánì Ṣẹ́pàdì àti Rottweiler ló ń bá fínra jù, àwọn gan-an sì ni ará Ìjàpò Ẹ̀sítéètì l'Ákùúrẹ́ ń kó sẹ́yìn géètì. Ekuke, ajá ìbílẹ̀ tí kò ní ìwé ìran, kì í sábà ní in; bóyá ohun tí wọn ò ṣe kà á sí ajá nìyẹn.

Ìdójútòfò ajá, tó yẹ kó gba owó ìtọ́jú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́rùn olówó, kì í ṣe nǹkan tuntun. Lọ́dún 1982 ni Lassie, ajá orí tẹlifíṣàn, ti gba ìwé tirẹ̀ l'Ámẹ́ríkà. Ní Nàìjíríà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti mọ́tò, third party, tí owó rẹ̀ kúrò ní ₦5,000 tó di ₦15,000 ní January 2023. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ọlọ́pàá rí i. Ajá kì í pàdé ọlọ́pàá ní títì, ọjà tirẹ̀ kò sì yá.

Ẹ̀yìn ìwé àdéhùn, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ọmọ iná orí, ni ẹni tó ń yan ìdójútòfò ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ti ń sọ pé àìsàn tó ti wà kí owó tó wọlé kò kan òun. Àrùn ìdílé sì ti wà kí wọ́n tó bí ajá! Ìwé tó dáa ni èyí tó sọ ọ́ lójú ewé pé òun gba àrùn àjogúnbá, bí àmì rẹ̀ kò bá tíì hàn. Àkókò ìdúró, tí ilé-iṣẹ́ kò ní san nǹkan kan, ló kàn. Ti ìbàdí lè tó oṣù 6, àwọn mìíràn a sì máa béèrè ọdún kan. Olówó á máa sanwó, á sì máa bẹ ajá kó rọra rìn. Èyí tó gbọ́n jù ni òfin ẹsẹ̀ méjì: bí ẹsẹ̀ òsì bá ti tiro ṣáájú àdéhùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ti jẹ̀bi.

Ìjọba ní ètò tirẹ̀. Láti 1987 ni ìdójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ ti wà, lọ́wọ́ àjọ NAIC lónìí. Ó gba màlúù, ó gba adìyẹ. Ajá Ìjàpò kì í fún ni ní wàrà, kì í yé ẹyin, àfi tí wọ́n bá fi orúkọ ewúrẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Nílùú Oǹdó, níbi tí ajá ti jẹ́ ẹran Ògún, tí wọ́n sì ń ta lókìlí, ìyẹn ẹran ajá, ètò kan wà tí kò ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ẹlẹ́ran á fọwọ́ gbé itan ajá wò, á dárúkọ owó, á sì kà á sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò béèrè ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Títiro kò dín ẹran itan kù. Adójútòfò wo ló ń sanwó yá tó bẹ́ẹ̀? Àléébù rẹ̀ kan ni pé ajá kì í padà wálé.

Ohun tó ń dín ìnáwó kù jù kò sí nínú ìwé kankan. X-ray ìbàdí bàbá àti ìyá ajá ni àkọ́kọ́. L'Ámẹ́ríkà, láti 1966 ni àjọ OFA ti wà lẹ́nu irú àyẹ̀wò yìí, wọn kì í sì í fún ajá tí kò tíì pé ọdún 2 ní ìwé ẹ̀rí ìbàdí. Fọ́tò bàbá lórí WhatsApp ni ti àwọn ọlọ́mọ ajá tiwa: ó dúró lórí koríko, ahọ́n wà níta, ìbàdí ò hàn. Oúnjẹ ló tẹ̀ lé e. Ìwádìí kan lórí Labrador 48, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002, fi hàn pé àwọn tí wọ́n bu oúnjẹ wọn kù pẹ́ kí làkúrègbé tó mú wọn, wọ́n sì fi bí ọdún méjì pẹ́ láyé ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ìmọ̀ràn yìí ṣòro ní ẹ̀sítéètì, níbi tí ajá tó rù ti ń ba olówó rẹ̀ lórúkọ jẹ́. Mẹ́gáàdì ló ń bu èbà fún un, òun náà ni wọ́n ń bá wí pé ó bù ú kéré. Bí mẹ́gáàdì fúnra rẹ̀ bá rù, ìyẹn kì í ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́.