Ẹni Tó Da Omi Síwájú ní Ajégúnlẹ̀

"Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀." A ti fi òwe yìí dúpẹ́ lọ́wọ́ àna, a ti fi tọrọ ìbò, a sì ti fi dá owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ láre níwájú ọ̀gá ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n mo fura pé ará òkè ló pa á, ẹni tí iyanrìn ń jó lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ká ní Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó ni wọ́n bí i sí, ní ojúlé kan tó kọjú sí kánáàlì, ohun mìíràn ni ì bá wí. Níbẹ̀, ilẹ̀ ti tutù kí ẹnikẹ́ni tó gbé kórobá. Orí ẹrọ̀fọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé wà, bí òjò Agẹmọ bá sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, àga a máa léfòó nínú pálọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá tún da omi síwájú níbẹ̀, ẹrẹ̀ ni yóò tẹ̀.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lórúkọ, torí irú rẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sí yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀ náà, ní Olódì Àpápá, lẹ́yìn ọ̀nà tí tírélà ń gbà lọ sí Wharf. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń gbọ́ òkìkí Loud. Igbó ni Loud, àmọ́ igbó tó wọkọ̀ òkun ni. Inú kọ̀ǹténà tó kó ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Kánádà ni wọ́n máa ń fi pamọ́ sí, tí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sì ń tú u jáde ní èbúté Àpápá àti Tin Can. Èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, owó gọbọi ni. Ti Oǹdó, tó hù nínú ẹgàn láàárín kòkó, kò níyì tó bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ ìgboro, torí kò gba ojú omi wá.

Arákùnrin yìí wá rò ó pé, kí ló dé tí òun ń retí ọkọ̀ òkun? Òun náà á gbìn ín sínú yàrá, bíi tàwọn ará Kánádà.

Àwọn ará Kánádà kọ́ lọ̀rọ̀ kàn. Ìjọba wọn ti fọwọ́ sí i láti ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ọ̀kan lára ìdí tí wọ́n sì fi ń gbìn ín sínú ilé ni pé yìnyín wà níta. Oòrùn wọn a máa sá fún ọ̀pọ̀ oṣù, ni wọ́n ṣe ń fi iná mànàmáná rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù a sì máa gbẹ afẹ́fẹ́ yàrá débi pé ètè èèyàn á sán. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí ẹnìkan bá fọ́n omi díẹ̀ sí ewé, ó yé ni.

Tiwa ńkọ́? Ó ra nálọ́ọ̀nù dúdú, ó fi dí fèrèsé kí oòrùn má baà wọlé. Oòrùn Ajégúnlẹ̀ yìí o, tí kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Ó wá tan gílóòbù ńláńlá dípò rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n ní kí àwọn tó wà ní Band A, ìpele tó ń rí iná jù, máa san ₦225 lórí kílówáàtì kan fún wákàtí kan. Bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ ń dún. Oòrùn ń kan fèrèsé níta, ọ̀gbẹ́ni ń ra epo.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé ṣì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìgò. Ìgò tí onígbàjámọ̀ fi ń fọ́n omi sí ni lórí ló gbé dání. Láàárọ̀, fíìì! Lálẹ́, fíìì! Igi ti ń yọ òdòdó, ó sì dá a lójú pé bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni òdòdó á ṣe tóbi tó. Ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé rì sílẹ̀, tí kò tíì ta gbòǹgbò, lèèyàn ń fọ́n omi sí, torí kò tíì ní ẹnu tí yóò fi mu ún. Igi tó ti ta gbòǹgbò, ìsàlẹ̀ ló ti ń mumi, bí wọ́n bá sì rin ilẹ̀ rẹ̀ jù, gbòǹgbò ò ní rí èémí mí. Òdòdó igbó ki, ó lẹ̀ mọ́ra. Omi tó bá wọ àárín rẹ̀ kì í tètè jáde. Olú kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Botrytis cinerea, òun náà ló ń ba èso àjàrà jẹ́ lókè òkun. Irú ibi ọ̀rinrin bẹ́ẹ̀ ló ń wá. Inú ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òdòdó náà. Nígbà tí ojú bá fi máa rí eérú lára rẹ̀, ó ti parí iṣẹ́.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fẹ́ kí ọ̀rinrin yàrá kọjá bí ìdá 50 nínú 100 nígbà tí òdòdó bá ti ń dàgbà. Ní Èkó, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ a ti máa kọjá 80, láìsí ìgò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àgbẹ̀ kòkó kan ní Oǹdó ì bá ti sọ èyí fún un lọ́fẹ̀ẹ́: ọdún tí òjò bá pọ̀ jù, èso kòkó a máa dúdú lórí igi, á sì jẹrà. Kò sí àgbẹ̀ tó ń gbé omi gun igi nírú ọdún bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ni yóò bi àgbẹ̀ léèrè, nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́?

Ẹ wá béèrè ibi tí omi náà ti ń wá. Ọdún 1915 ni Lugard, gómìnà àgbà ìjọba amúnisìn, ṣí ilé iṣẹ́ omi Ìjù, kí àwọn òyìnbó Ìkòyí àti ará Erékùṣù Èkó lè rí omi mu. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, omi ẹ̀rọ náà ò tíì rọ́nà dé ọ̀pọ̀ ojúlé ní Ajégúnlẹ̀. Omi kànga ẹnìkan pupa, ti ẹnìkejì níyọ̀, torí òkun ò jìnnà. Mẹ́ruwà tó ń ti kẹ́ẹ̀gì lórí ọmọlanke ni ìjọba ibẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2024 tí kọ́lẹ́rà wọ Èkó, tí àwọn ìyá ń se omi kí ọmọ tó mu ún, omi inú ọ̀rá ni arákùnrin wa ń tú sínú ìgò rẹ̀. Ó ní igi òun ò gbọdọ̀ mu ìdọ̀tí.

Nígbà tí eérú yọ lára òdòdó, ṣé ó sọ ìgò nù? Rárá o. Ó ra ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Lójoojúmọ́ nìyẹn: ó ra omi ọ̀rá, ó fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ fà á padà sínú kórobá, ó dà á sí gọ́tà, ó tún lọ ra omi ọ̀rá.

Ti òfin wá ńkọ́? Lọ́dún 1966, ìjọba ológun ṣòfin pé ẹni tó bá gbin igbó lè fẹ̀mí dí i, tàbí kó fi ọdún 21, ó kéré tán, jura ní ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ti mú ti ikú kúrò, ṣùgbọ́n òfin NDLEA ti 1989 ṣì fi ẹ̀wọ̀n gbére sílẹ̀ fún ẹni tó bá gbin oògùn olóró. Lóòótọ́, ní oṣù karùn-ún 2019, Rotimi Akeredolu, gómìnà Oǹdó nígbà náà, bá olórí NDLEA lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìwòsàn. Ariwo ta, òfin dúró síbi tó wà. Buba Marwa ni wọ́n fi ṣe olórí àjọ náà ní oṣù kìíní 2021, Marwa kan náà tó ṣe gómìnà ológun l'Ékòó, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe kẹ̀kẹ́ Marwa. Láti Olódì, kẹ̀kẹ́ yìí kì í pẹ́ dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Kírìkírì. Bó bá jẹ́ àwọn ọmọ Marwa fúnra wọn ló wá gbé e, kò ní san owó ọkọ̀ rárá.

Ní báyìí ná, Ìyá Ìbejì tó wà ní yàrá kejì ti ṣàkíyèsí kórobá. Ó kan ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà, omi tí ẹ máa ń dà nù yẹn, ẹ bá mi gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ fi rẹ aṣọ."

Látìgbà náà ló ti ń gbé e nírọ̀lẹ́. Òun nìkan ló tíì kórè nínú oko yẹn.