Ọmọ Fídíò àti Ọ̀rọ̀ Fóltéèjì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Èmi kì í ṣe olófòófó o, gbogbo Kubwa ló mọ̀. Ohun tójú mi bá rí lẹnu mi ń sọ. Ojú mi ló kàn ń ríran púpọ̀.

Ṣé ẹ mọ ọmọkùnrin tó ń gbé bọ́ìsì-kọ́tà ilé wa? Èyí tá à ń pè ní Ọmọ Fídíò, torí pé òun ló ń to fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú fáwọn olówó Gwarinpa àti Maitama. Ọmọ náà kì í sùn. Bó bá di aago méjì òru, ẹ ó máa gbọ́ ẹ̀rọ tó ń kùn nínú yàrá rẹ̀. Ìyá Alákàrà ló kọ́kọ́ tẹnu bọ̀ ọ́: "Yahoo ni, kí lẹ tún ń wá?" Ìyá Alákàrà tí ọkọ rẹ̀ ní òun wà ní Lokoja, tá a sì rí i ní Nyanya... ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀, ti òní kọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń lọ sídìí táǹkì omi. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọmọ náà lọ̀nà ibẹ̀ gbà, kí ni kí n ṣe? Ni mo bá gbọ́ tó ń sọ lórí fóònù pé: "Mo ti gbé fóltéèjì sókè díẹ̀. Bó bá tún kú, màá fi kún un." Orí mi wú. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni gílóòbù méjì jó ní yàrá Alhaja onílé, tí fíríìjì Bàbá Mẹkáníìkì sì dákẹ́. Mo ní háà, ẹni tó ń ba iná ilé jẹ́ nìyí! Mi ò dé ìdí táǹkì mọ́. Ọ̀dọ̀ Alhaja ni mo gbà lọ tààrà.

Ká tó wí, ká tó fọ̀, gbogbo ilé ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọmọ ọlọ́mọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhaja, ó ní: "Ẹ má bínú, mà. Fóltéèjì tí mò ń sọ ò tó ti bátìrì rédíò kan ṣoṣo."

Ló bá ṣí ikùn ẹ̀rọ náà. Ó ní iná tó ń wọlé láti ara ògiri jẹ́ 230 fóltì, ìyẹn bó bá pé o. Àpótí irin kan ń sọ ọ́ di 12, bọ́ọ̀dù á tún wá bù ú kù títí dé nǹkan bí 1.2 kó tó kan prọ́sẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bátìrì rédíò sì rèé, 1.5 ni. Ohunkóhun tóun bá ṣe sí 1.2 yẹn, kò lè jó gílóòbù ẹnikẹ́ni. Bàbá Mẹkáníìkì wò mí. Èmi náà gbójú sókè, mò ń wo àjà.

Alhaja ní: "Kí ló wá dé tó o fi ń fi kún un?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní aago kan tó ń lù láàárín ara rẹ̀ láìsinmi. Ryzen 5 1600 ni ti Ọmọ Fídíò, èyí tí ilé-iṣẹ́ AMD gbé jáde lọ́dún 2017. Bí kọ́ọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ bá jọ ń ṣiṣẹ́, aago náà ń lù tó ìgbà bílíọ̀nù 3.4 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọmọ náà fẹ́ kó máa lù tó 3.8, kí fídíò tètè parí. Òun ni wọ́n ń pè ní overclock. Bí alábàárù ọjà Wuse ló rí: bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó sáré ju bó ṣe máa ń sáré, ẹ ní láti fún un lóúnjẹ sí i. Bí kò bá yó, á ṣubú lójú ọ̀nà. Bó bá yó jù, òógùn á bò ó. Fóltéèjì loúnjẹ, ooru lòógùn.

Kì í sì í ṣe àṣà tuntun. Lọ́dún 1998 tí Abacha kú, àwọn kan nílùú òyìnbó ti ń mú Celeron 300A ti Intel láti megahertz 300 sáré dé 450. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀dù ló ń gbà fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ ra tiyín ní Banex tàbí Emab ní Wuse 2, ẹ gbọ́ o: bọ́ọ̀dù A320 kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan ìyára Ryzen. B350 ló ń gbà.

Ọmọ Fídíò kò kàn kó wọ inú BIOS, ibi tí wọ́n ti ń yí ètò bọ́ọ̀dù, bí ẹni tí ń lé olè. Ìyára nìkan ló kọ́kọ́ ń gbé sókè, díẹ̀díẹ̀, láì fọwọ́ kan fóltéèjì. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá tó ṣubú, tó gbé ojú búlúù jáde tàbí tó kàn dákú, ló tó fi 0.025 péré kún un. Lẹ́yìn náà, á fi Prime95 dán an wò. Wọ́n kọ ètò yẹn láti fi wá àwọn nọ́ńbà ràgàjì tí kò sí ohun tó lè pín wọn àfi 1 àti ara wọn, iṣẹ́ rẹ̀ sì le débi pé prọ́sẹ́sọ̀ tí fóltéèjì rẹ̀ ò tó kò ní lè fi pamọ́.

Ṣùgbọ́n ìdánwò ọlọ́pọ̀ wákàtí ni, Abuja sì la wà. Ọmọ náà á gbé e kalẹ̀, á sùn, bó bá jí, á bá kọ̀ǹpútà tó ti kú. Ṣé fóltéèjì ni ò tó ni, àbí NEPA ló mú iná? Ta ló mọ̀? Èmi! Ta ló mọ ìgbà tí iná ń lọ àti ìgbà tó ń dé nínú ilé yìí bí kò ṣe èmi? Bó ṣe di pé á máa wá kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ nìyẹn: "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé wọ́n mú iná lóru?" Màá ní: "Aago mẹ́ta ku díẹ̀ ni, torí ìgbà yẹn ni Bàbá Mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ibi tó sì ti ń bọ̀..." Kì í dúró gbọ́ ìyókù. Ọmọ ayé òde òní.

Ìṣirò ibẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Iná tí prọ́sẹ́sọ̀ ń jẹ ń bá ìyára pọ̀ sí i lọ́gbọọgba, ṣùgbọ́n ti fóltéèjì, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ó fi ìdíwọ̀n rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ gbé e láti 1.20 lọ sí 1.35, kẹ́ ẹ gbé ìyára láti 3.4 lọ sí 3.8. Ìyára á fi nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Iná àti ooru á fi bíi 41 lé. Èyí tó ń jẹ 65 wáàtì á máa jẹ nǹkan bí 92. Fídíò tó ń gba wákàtí kan, bó bá dára tán, á gba ìṣẹ́jú 54.

Alhaja di 27 wáàtì tó lé yẹn mú. Mítà kan náà la jọ ń lò, lóṣù kẹrin ọdún 2024 sì ni NERC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná, gbé owó iná Band A, ìpele tiwa, dé náírà 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Níye ìgbà yẹn, bí kọ̀ǹpútà bá fi wákàtí 8 ṣiṣẹ́ àṣelàágùn lóòjọ́, àlékún rẹ̀ ò ju bíi náírà 49 lọ. Alhaja ní kó máa san 100. Onílé ni.

AMD fúnra wọn ní kéèyàn má kọjá 1.35 lórí irú Ryzen yìí bí kọ̀ǹpútà bá máa pẹ́, torí pé 1.45 lè gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Àpọ̀jù fóltéèjì àti ooru ń ti àwọn èérún irin inú okùn tín-ín-rín prọ́sẹ́sọ̀ kúrò láyè wọn, okùn á sì já nígbẹ̀yìn. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ pàápàá ń ṣì í. Lọ́dún 2024, àṣírí tú pé àwọn prọ́sẹ́sọ̀ Intel kan, ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá, ń gba fóltéèjì tó pọ̀ jù láìjẹ́ pé oníbàárà fọwọ́ kàn wọ́n. Intel gbé àtúnṣe jáde lóṣù kẹjọ, wọ́n sì fi ọdún méjì kún ìdúró wọn lẹ́yìn ọjà.

Ọmọ Fídíò dúró sí 3.75 pẹ̀lú 1.30. Ó lè dé 3.8, àmọ́ ó ní èyí tó dúró lásìkò ọyẹ́ lè dákú nínú ooru oṣù kẹta. Mo fara mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dán an wò, ẹ kọ iye tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun, ẹ máa wo ooru rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró nígbà tí ìyára kékeré bá ti ń béèrè fóltéèjì ńlá. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà yẹn lẹ fi ń jẹun, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe rà á.