Àpò Àlejò Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ìlú Lórúkọ

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọmọkùnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn tí bàbá àgbà re àjò àrèmabọ̀ ni Babátúndé. Èyí tí ìyá rẹ̀ bí sójú ọ̀nà ni Abíọ́nà. Ọmọ ilé ọlọ́dẹ ń jẹ́ Ọdẹ́wálé, tàwọn onílù ń jẹ́ Àyándélé. Kò sí bàbá tó ń gba ọjà lọ láàárọ̀ ìkómọ láti lọ béèrè orúkọ tó ń tà jù lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n wí, àmọ́ ayé wọn ò kan ìgbà tí ọ́fíìsì ìrìn-àjò afẹ́ ń ṣe bàbá ìsọmọlórúkọ. Láyé òde òní, tí ìjọba bá fẹ́ sọ ìlú lórúkọ, wọn kì í wo ilé mọ́. Àpò àlejò ni wọ́n ń wò.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó bá mi ká lọ sí ìpínlẹ̀ Anhui níhà ìlà-oòrùn Ṣáínà, níbi tí orúkọ kan ṣoṣo, Huangshan, ti ń sin ọ̀gá mẹ́ta. Ọ̀gá àkọ́kọ́ ni òkè, kò sì sẹ́ni tó lè bá a du orúkọ náà. Òkúta ràbàtà ni, ó ga ṣóńṣó-ṣóńṣó, igi páìnì ń hù láàárín pàlàpálá rẹ̀ bí ẹni pé kò nílò erùpẹ̀, ìkùukùu sì máa ń tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó bá gùn ún. Ṣóńṣó rẹ̀ tó ga jù, èyí tí wọ́n ń pè ní Lianhua, jẹ́ mítà 1,864. Àìmọye ayàwòrán ló ti lo ayé wọn lórí òkè yìí, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àjùmọ̀ní àgbáyé lọ́dún 1990. Ká ní orúkọ náà dúró sórí òkè, n kì bá tí ní nǹkan kan í sọ.

Ọ̀gá kejì ni ìlú ńlá Huangshan. Ìlú yìí fẹ̀ ju òkè lọ fíìfíì: gbogbo ilẹ̀ òkè tí ìjọba ń dáàbò bò kò ju nǹkan bí 160 kìlómítà níbùú lóròó, ti ìlú ńlá náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000. Ibùjókòó ìjọba rẹ̀ wà ní Tunxi, létí odò Xin'an, ibi tó lé ní 50 kìlómítà sí ẹsẹ̀ òkè. Ní Tunxi náà ni pápákọ̀ òfurufú wà, ibẹ̀ sì ni ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n kọ Huangshan gàdàgbà sí lórí wà pẹ̀lú. Ọ̀gá kẹta ni ẹkùn Huangshan, tó wà nínú ìlú ńlá Huangshan, níhà àríwá òkè Huangshan. Taiping ni wọ́n ń pe ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo àlejò kan tó sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè pẹ̀lú àpò lẹ́yìn àti bàtà ìgunkè lẹ́sẹ̀. Ó wòkè, ó wolẹ̀, kò rí òkè. Ó sún mọ́ awakọ̀ kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Huangshan ni mò ń lọ."

"Ẹ kú oríire, ẹ ti dé Huangshan."

"Òkè Huangshan ni mo ní lọ́kàn."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyẹn jìnnà díẹ̀. Ẹ lọ wọ bọ́ọ̀sì."

"Bọ́ọ̀sì ibo?"

"Ti Huangshan ni. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má lọ wọ ti Huangshan o."

Ẹ má bínú sí awakọ̀ yẹn, òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà gúúsù gun òkè, ìlú kékeré tó ń jẹ́ Tangkou ni yóò kọ́kọ́ dé. Bó bá ṣe bọ́ọ̀sì ẹkùn Huangshan ló wọ̀, Gantang ló máa já a sí, lódìkejì òkè. Bó ti wù kó ṣe é, kò ní kúrò ní Huangshan. Òkè tó torí ẹ̀ wá nìkan ni kò ní rí.

Báwo ni orúkọ kan ṣe di ti ẹni mẹ́ta? Ní oṣù Keje ọdún 1979, Deng Xiaoping, aṣáájú Ṣáínà nígbà náà, gun òkè yìí fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òkè náà máa pa owó wọlé fáwọn ará ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni, ebi kò kúkú ṣeé fi ìkùukùu pa. Àmọ́ tí ọba bá ní ká jó, àwọn ìjòyè a máa fò. Ọdún 1983 ni wọ́n gba orúkọ Taiping lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ìlú Huangshan. Kò pẹ́ tó fi hàn pé ìlú kan ṣoṣo kò lè dá òkè náà ní, nítorí ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn náà kan òkè. Dípò kí wọ́n tú ọ̀rọ̀ tó lọ́ pọ̀ yẹn díẹ̀díẹ̀ bí okùn, ńṣe ni wọ́n gé e. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1987, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èyí tó pọ̀ jù nínú àgbègbè Huizhou, pẹ̀lú Tunxi, di ìlú ńlá Huangshan. Taiping tó ti fi ọdún bíi mẹ́rin jẹ́ ìlú Huangshan wá di ẹkùn nínú Huangshan, orúkọ rẹ̀ àtijọ́ kò sì padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí orúkọ Huizhou? Wọ́n gé ilẹ̀ díẹ̀ lára ìjọba ìbílẹ̀ She, wọ́n pè é ní ẹkùn Huizhou, wọ́n ní ìyẹn náà tó.

Ẹni tí kò bá mọ ẹni tí Huizhou í ṣe kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe dun àwọn ará ibẹ̀ tó. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ni ilé Huizhou látijọ́: She, Yi, Xiuning, Qimen, Jixi àti Wuyuan. Òkè pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ oko kò tó, nítorí náà àwọn ọmọkùnrin ilé náà a máa tètè jáde lọ kọ́ òwò. Láyé ìjọba Ming àti ti Qing, oníṣòwò Huizhou ni wọ́n ń bá nídìí iyọ̀, igi, tíì àti owó èlé káàkiri Ṣáínà. Wọ́n ń fowó ránṣẹ́ sílé, wọ́n fi ń kọ́ ilé olódi funfun olórùlé dúdú àti gbọ̀ngàn ìdílé. Méjì lára irú abúlé bẹ́ẹ̀, Xidi àti Hongcun, ni UNESCO tún kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 2000. Tàdáwà Huizhou àti òkúta She tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ lé ni àwọn akọ̀wé ayé ìgbà náà ń wá kiri. Tíì Qimen délé àwọn ọlọ́lá ní Lọ́ńdọ̀nù. Kódà orúkọ ìpínlẹ̀ Anhui, ọ̀dọ̀ ilé yìí ni ìdajì rẹ̀ ti wá: lọ́dún 1667 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, wọ́n mú An lára Anqing, wọ́n mú Hui lára Huizhou. Ìpínlẹ̀ ṣì ń fi orúkọ bàbá yangàn títí dòní, bàbá fúnra rẹ̀ sì ti di orúkọ iyàrá kan lẹ́yìnkùlé.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ wá létí dáadáa, ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà máa jẹ́ Olúmirìn, nítorí omi tó ń já wálẹ̀ láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Iléṣà di Olúmirìn, Òṣómàáló di oníṣòwò Olúmirìn, orúkọ Ìjẹ̀ṣà wá kù fún àdúgbò kan lẹ́yìn ọjà. Ẹni tó bá gbìyànjú ẹ̀ ní Iléṣà, kí ó kọ́kọ́ sanwó ọkọ̀ tí yóò gbé e sá kalẹ̀.

Àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ ní Huangshan kò dúró sí Anhui. Lọ́dún 1994, ìlú Dayong ní ìpínlẹ̀ Hunan yọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ti igbó Zhangjiajie wọ̀, nítorí òpó òkúta inú igbó náà ni àlejò ń wá wò. Nígbà tó tún di ọdún 2010, tí gbogbo ayé ń wo fíìmù Avatar, ọ̀kan lára àwọn òpó òkúta yẹn gba orúkọ òkè inú fíìmù náà. Òkúta tí òjò àti oòrùn ti ń nà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ wá di ọmọ ọ̀dọ̀ fún sinimá. Ní ìpínlẹ̀ Yunnan, Zhongdian di Shangri-La lọ́dún 2001. Inú ìwé ìtàn àròsọ kan tí James Hilton tẹ̀ jáde lọ́dún 1933 ni Shangri-La ti wá, òǹkọ̀wé náà ló sì fi orí ara rẹ̀ dá a. Òyìnbó lálàá, ìlú Ṣáínà jí, ó ní òun gan-an ni wọ́n lálàá rẹ̀.

Ti Pu'er ló wá ju ti gbogbo wọn lọ. Tíì Pu'er gbówó lórí gidigidi, ni ìlú ńlá Simao bá pinnu lọ́dún 2007 pé òun náà yóò máa jẹ́ Pu'er. Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ìjọba ìbílẹ̀ kan ti wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Pu'er láti ìgbà pípẹ́. Kí ni ká ṣe? Wọ́n ní kí ẹni tó ni orúkọ lọ wá òmíràn. Ó di Ning'er. Ọ̀gá gba aṣọ lọ́rùn ọmọ ilé, ó wọ̀ ọ́ lọ sóde, ó ní kí ọmọ ilé lọ wá nǹkan mìíràn bora.

Ṣùgbọ́n kí a tó bá Huizhou sunkún tán, ó yẹ ká yẹ ìwé ìtàn wò, torí òwe àwọn àgbà lápá kejì. Òkè Huangshan pàápàá kò ti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ Huangshan. Yishan ni wọ́n ń pè é, títí di ọdún 747 tí Ọba Xuanzong ti ìjọba Tang pàṣẹ pé kí orúkọ rẹ̀ yí padà. Ọba náà fẹ́ràn ẹ̀sìn Dao púpọ̀, ìtàn sì ń lọ nígbà náà pé Huangdi, ọba ìṣẹ̀dálẹ̀ tí wọ́n ń bọlá fún, lọ po oògùn àìkú lórí òkè náà. Huizhou náà kọ́ ni orúkọ àbísọ ilé. Shezhou ni wọ́n ń jẹ́. Nígbà tí Fang La ṣọ̀tẹ̀ lọ́dún 1120, tí ogun rẹ̀ kó àgbègbè náà mọ́ra, tí ààfin sì wá ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n yí orúkọ Shezhou padà sí Huizhou lọ́dún 1121. Orúkọ tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lónìí, aṣẹ́gun ló fi kọ́ wọn lọ́rùn.

Àṣé òwe náà ò tíì kùnà rí. Gbogbo ẹni tó sọ ibẹ̀ lórúkọ ló wo ilé. Ìbéèrè tó kù ni pé, ilé ta ni? Lọ́dún 747, ààfin ni wọ́n wò. Lọ́dún 1121, ààfin náà ni. Lọ́dún 1987, òtẹ́ẹ̀lì ni. Ilé ìyá tó ń já ewé tíì ní Qimen kò tíì kan wíwò.

Kí wá ni ìyàtọ̀ láàárín ọba àtijọ́ àti akọ̀wé ìjọba ayé òde òní? Àkókò ni. Àwọn ará Huizhou gba orúkọ tí aṣẹ́gun fún wọn, wọ́n fi ọdún 866 jẹ́ ẹ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìran wọn, wọ́n fi ṣòwò, wọ́n fi búra, wọ́n fi dárúkọ oúnjẹ wọn, títí orúkọ ààfin fi di orúkọ ilé. Ẹni tó sọni lórúkọ kọ́ ló ni orúkọ, ẹni tó jẹ́ ẹ ló ni ín. Ohun tí wọ́n pa rẹ́ lọ́dún 1987 nìyẹn: kì í ṣe àṣẹ Ọba, ọdún 866 tí àwọn èèyàn fi sọ àṣẹ yẹn di tiwọn ni.

Lónìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ń pariwo pé kí wọ́n dá Huizhou padà. Inú mi ìbá dùn, ṣùgbọ́n mo fetí sí ìdí tí àwọn kan lára wọn ń sọ. Wọ́n ní àṣà Huizhou ti ń tà báyìí, pé àlejò fẹ́ràn ilé olódi funfun, pé orúkọ náà yóò mówó wọlé ju ti òkè lọ. Ẹ gbọ́ o! Àpò kan náà tí wọ́n wò kí wọ́n tó gba orúkọ lọ ni wọ́n tún ń wò kí wọ́n tó dá a padà.

Bí wọ́n bá sì dá a padà, Huizhou wo ni yóò jẹ́? Ṣé ìlú ńlá náà ni àbí ẹkùn tó ti ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀? Jixi ti di ti Xuancheng láti ọdún 1987. Wuyuan ti wà ní ìpínlẹ̀ Jiangxi láti ọdún 1949. Orúkọ lè padà wálé kó má bá ọmọ nílé. Huizhou mìíràn tún wà ní ìpínlẹ̀ Guangdong, lẹ́bàá Shenzhen. Àmì ohùn ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ létí, lẹ́tà Ṣáínà sì yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú, àmọ́ nínú fóònù àlejò tí kò mọ àmì ohùn, ìbejì ni wọ́n. Ẹni tó bá fojú di àmì ohùn, Guangdong ni yóò ti gbọ́n.

Òfin ti wá jáde báyìí. Láti ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ìlànà tuntun lórí orúkọ ibi ní Ṣáínà sọ pé orúkọ tó bá ṣe pàtàkì nínú ìtàn àti àṣà, wọn kì í yí i padà bẹ́ẹ̀ ṣáá. Òfin rere ni. Ó dé nígbà tí wọ́n ti jẹ ìrẹsì ìkómọ tán.

Ìmọ̀ràn témi kò pọ̀. Ìjọba tó bá fẹ́ sọ ìlú lórúkọ, kó lọ bá ẹni tí wọn yóò kọ orúkọ náà sójú ibojì rẹ̀. Àlejò á sùn ọjọ́ méjì, á ya fọ́tò, á ra tíì, á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá bi í níbẹ̀ pé ibo ló lọ láti ọjọ́ yìí, kò ní dárúkọ ìlú kankan fún wọn. Yóò ní òkè lòún lọ gùn.