Bàbá Onínní

Bí àlejò bá yà sí Sábó, ìbáà ṣe ti Ọ̀yọ́ Aláàfin, ìbáà ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, tí ó sì bá àgbàlagbà kan tí ó gbé agolo Bournvita lé orúnkún ní ìsọ̀ Mállàm onítíì, kí ó má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀ mọ́: Bàbá Onínní nìyẹn, ọlọ́rọ̀ tí gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ kò lè ra awẹ́ obì kan.

Inú agolo ọ̀hún ni onínní àti kọ́bọ̀ oníhò ayé òyìnbó wà, àti tọ́rọ́ onígun méjìlá ti 1959, àti àwọn tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, nígbà tí pọ́n-ùn gbé ipò sílẹ̀ fún náírà. Bí ó ti ń kó wọn jáde ni yóò máa kì wọ́n: “Onínní, abihò-níkùn-má-kùú, mẹ́wàá rẹ ní í di kọ́bọ̀ kan!” Èyí tí orúkọ Edward Kẹjọ wà lára rẹ̀ ni olórí gbogbo wọn. Ọba yìí kò lo ọdún kan pé lórí ìtẹ́ tí ó fi kọ adé sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1936 nítorí obìnrin, ṣùgbọ́n owó oníhò ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti jáde lórúkọ rẹ̀. Ó dá Bàbá lójú pé bí òun bá gbé e dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ilé alájà mẹ́ta ni wọn yóò fi gbà á. Ojú àánú ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé wọ́n rọ ọ́ lọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ṣọ̀wọ́n. Kí ó sì lè máa dán, eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó fi ń bó o, bẹ́ẹ̀ ni lójú àwọn tí ó mọ òwò yìí, ẹni tí ó fọ owó àtijọ́ ti fọ iye rẹ̀ dànù.

Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Kòkó wà lára 5 kọ́bọ̀ Bàbá, ọ̀pẹ wà lára 10, ẹ̀pà wà lára 25. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà tí ó ń jẹ bí ó ti ń ka gbogbo èyí fún wa, àwìn ni.

“Bàbá, ẹ dákun, owó tíì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?”

“Mállàm, owó wo lẹ tún ń pè lówó lóde òní? Bébà lásán!”

Bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí 10 kọ́bọ̀ yìí ṣì wà láàyè, Bàbá kò wo ojú ọ̀pẹ ara rẹ̀ rí. Owó náírà méjì onírin tí ìjọba gbé jáde ní 2007, tí àwọn ọlọ́jà kọ̀, òun náà wà lára àwọn tí ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, àfi ìgbà tí ó kú tán ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ìwà gbogbo wa ni ó kúkú ń hù: òbí tí a kò fún ní ẹ̀kọ mu láàyè, màlúù ni a fi ń sin ín.

Nítorí náà, kí Mállàm ṣe sùúrù. Gbèsè tíì ọ̀hún ti ń gbó díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá di ohun àtijọ́ tán, Bàbá Onínní yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un.