Alágbàwí Gbogbo Òbí

Kò sí kíláàsì kan nílé-ìwé aládàáni l'Ékòó tí kò ní Alágbàwí tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìbò yàn án, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, síbẹ̀ "ní orúkọ gbogbo òbí" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ sọ lórí WhatsApp kíláàsì. Kí oṣù Kẹta ọdún 2020 tó dé, kò mọ orúkọ tíṣà tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀. Ìpàdé òbí àti olùkọ́, ìyàwó rẹ̀ ló ń lọ. Lọ́jọ́ eré ìdárayá, á yọjú, á ya fọ́tò pẹ̀lú ọmọ nídìí àsíá pupa, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ ọ̀hún sì rèé, ilé aláwọ̀ ewé ló wà.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ilé-ìwé pa nítorí àrùn Kòrónà. Alágbàwí kan sáárá sí wọn. Ó ní ẹ̀mí ló jù, ìwé ò ní sá lọ. Nígbà tó di aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30, tí ìjọba àpapọ̀ ní kónílé ó gbélé l'Ékòó, Ògùn àti Àbújá, òun náà wọlé, ó tilẹ̀kùn, ó wá rí i pé ọmọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun bí mẹ́ta. Ohun tí kò mọ̀ ni pé aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń jí, pé ebi kì í tán nínú wọn, pé ìjà tí wọ́n ń jà lórí rìmóòtù ò lópin. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ohùn ti yí padà.

"Ní orúkọ gbogbo òbí, kí ni ilé-ìwé yìí ń ṣe sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa? Ṣé báyìí la ó ṣe máa wò wọ́n níran ni? Àwọn tíṣà jókòó sílé, wọ́n ń gbowó oṣù."

Ilé-ìwé gbọ́. Kíláàsì bẹ̀rẹ̀ lórí Zoom, iṣẹ́ àṣetiléwá ń wọlé lórí WhatsApp. Kò pẹ́ tí ìwé owó sáà kẹta náà fi wọlé tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni Alágbàwí ti rí iṣẹ́ tí Ẹlẹ́dàá torí rẹ̀ dá a sáyé.

Ká sòótọ́, ẹjọ́ rẹ̀ jàre níbẹ̀rẹ̀. Owó bọ́ọ̀sì wà nínú ìwé ọ̀hún, owó ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ ò kúrò ní pálọ̀. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, gbogbo wa là bá gbè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí etí gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í mọ ibi tó yẹ kó dé. Ó gba ohùn sílẹ̀, ó gùn débi pé èèyàn lè se ẹ̀wà jinná kó tó tán. Ó ní àga òun lọmọ jókòó lé, kí wọ́n yọ owó àga. Iná òun ló ń lò, kí wọ́n yọ owó iná. Tí kò bá sì síná, epo jẹnẹrétọ̀ òun ni. Ilé ìyàgbẹ́ òun ló ń wọ̀, omi òun ló ń dà sí i, ọṣẹ òun ló fi ń fọwọ́. Ó ní tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, ilé-ìwé ló jẹ òbí lówó.

Màdáámù tó ni ilé-ìwé ò gbẹ́yìn. Lẹ́tà gígùn ló fi dáhùn, orúkọ Ọlọ́run kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ó ní ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọjà, pé ẹbí kan ṣoṣo ni gbogbo wa. Nọ́ńbà àkáǹtì wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn yóò yọ ọmọ ẹbí tí kò bá tíì san kúrò ní kíláàsì.

Nínú gbogbo ariwo yìí, ohun tó ń dun kálukú gan-an, kò sẹ́ni tó pè é lórúkọ. Páàtì mọ́tò ni Alágbàwí ń tà ní Ládìpọ̀. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, owó tó kù nílé, oúnjẹ ló ń gbé e lọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí fún ìlú lódindi. Ṣùgbọ́n dípò kó ní "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, kò sówó lọ́wọ́," ojúlówó ẹ̀kọ́ ló ń pariwo rẹ̀. Màdáámù jẹ báńkì ní gbèsè, onílé sì ń pè é láràárọ̀. Síbẹ̀, Màdáámù ní ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ ló ń ká òun lára. Àǹtí tó ń kọ́ wọn lórí Zoom, ìdajì owó oṣù ló ń gbà láti oṣù Kẹrin, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn ò sì rí ìdajì yẹn gbà. Òun ló ń ra dátà tó fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó sì ti ń ta ìbòmú alánkàrá lórí status rẹ̀. Òun ò fún tirẹ̀ lórúkọ kankan, nítorí kò sẹ́ni tó bi í.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Alágbàwí ṣòfin. "Ẹ má san kọ́bọ̀! Tá a bá fìmọ̀ ṣọ̀kan, wọ́n á wá bẹ̀ wá." Àwọn òbí fi àwòrán ẹ̀ṣẹ́ ránṣẹ́, Mọ́mì Ìbejì ṣàmín. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, línkì ò ṣí fún ọmọ àwọn tó tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ díẹ̀ ló wọlé. Ọmọ Alágbàwí wà láàárín wọn, ó wọ yunifọ́ọ̀mù tó mọ́ tónítóní, kálẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ń yọ lẹ́yìn orí rẹ̀. Wọ́n bi bàbá. Ó ní òun ò mọ̀ sí i, ìyàwó òun ló san án. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú gúrúùpù kan náà. Kò fèsì.

Èdè Yorùbá ni wọ́n ń kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìkíni fún oníṣẹ́ ọwọ́ ni Àǹtí mú wá. Alágbàwí wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó jókòó síbi tí kámẹ́rà ò dé, ó dẹ etí.

"Báwo la ṣe ń kí ẹni tó ń dirun?"

Nǹkan kan kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Ọmọ ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

"Rárá o. 'Ojú gbooro o' là ń kí onídìrí. Àgbẹ̀ ńkọ́?"

Nǹkan tún kùn. "Ẹ kú iṣẹ́ oko."

"'Àroko bọ́dúndé o.' Ó dáa, aláró ńkọ́?"

Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ ò tíì lanu tí ohùn bàbá fi jáde ketekete: "Ẹ kú iṣẹ́ aró!"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí mú sùúrù. "Dádì, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ọmọ dáhùn fúnra rẹ̀. 'Àrẹ̀dú o' là ń kí aláró."

"Àǹtí, mi ò sí nílé."

Ogójì ìṣẹ́jú tí Zoom ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ pé, ojú gbogbo wọn pòórá. Ohùn tuntun wọ orí WhatsApp lọ́sàn-án ọjọ́ náà: ní orúkọ gbogbo òbí, láti ìgbà wo ni "ẹ kú iṣẹ́" ti di àṣìṣe?

Ìdánwò ìparí sáà dé, ilé ni wọ́n ti ṣe é. Ọmọ tó ń gba márùn-ún nínú ogún níjọ́sí, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà báyìí, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì ti dàgbà lójijì. Alágbàwí ló ṣe Ìṣirò fún tirẹ̀. Mẹ́rìnlá nínú ogún ló gbà. Aago mẹ́wàá alẹ́ ló pe Àǹtí. Ó fẹ́ mọ bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣe ju ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ lọ, nígbà tó jẹ́ pé márùn-ún ju mẹ́ta lọ, mẹ́jọ sì ju mẹ́rin lọ. Àǹtí ní kó mú búrẹ́dì kan lọ́kàn, kó gé e sí mẹ́jọ, kó wá wò ó pé mẹ́fà nínú rẹ̀ ni ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó yé e. Kò jẹ́wọ́. Ó ní òun á ronú sí i.

Iwájú ilé Alágbàwí ni fọkanáísà kan ti ń ṣiṣẹ́, ilé-ìwé ìjọba ni ọmọ ìyẹn ń lọ. Orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ti ń wá, bí ìjọba Èkó ṣe ṣètò rẹ̀, tí Ògùn náà sì gbé tiwọn sórí OGTV. Ọmọ yẹn ò lè ní kí rédíò tún un sọ, bí iná bá sì lọ, tẹlifíṣọ̀n ò ní dúró dè é. Wọ́n bi Alágbàwí léèrè ohun tó rí sí i. Ó ní ìjọba ń gbìyànjú fún wọn. "Gbogbo òbí" rẹ̀ ò tíì gùn dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà.

Nígbà tó yá, ilé-ìwé dín owó kù. Alágbàwí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ pẹ́ títí. Ibi tí wọ́n ti yọ owó tí wọ́n dín, kò béèrè. Ara ìdajì owó oṣù Àǹtí ni Màdáámù ti yọ ọ́.

Àwọn SS3 ló kọ́kọ́ padà lóṣù Kẹjọ, nítorí ìdánwò WAEC tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù ọ̀hún. Láti oṣù Kẹsàn-án ni àwọn kíláàsì yòókù ti ń tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tó kan ọmọ Alágbàwí, aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ti wà lẹ́nu géètì, ìbòmú wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Àǹtí ló dúró níbẹ̀ tó ń yẹ ìgbóná ara àwọn ọmọ wò.

"Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o! Lẹ́síìnì ìrọ̀lẹ́ ńkọ́, ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?"

Àǹtí ní ó ti bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́rin sí mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti lé díẹ̀. Alágbàwí ò ná an. Kò mẹ́nu ba àga, kò mẹ́nu ba iná. Ó kówó jáde lápò, ó kà á lé e lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀.

"Sátidé ńkọ́, Àǹtí? Ṣé ẹ kì í ṣí ni?"