Ilé Ìwòsàn Tó Gbajúmọ̀ Ju Òṣèré Lọ

Ní Philadelphia l'Amẹ́ríkà, àtẹ̀gùn onípele 72 kan wà tí Sylvester Stallone sá gùn nínú fíìmù Rocky lọ́dún 1976. Títí dòní làwọn àlejò ṣì ń sá gùn ún, wọ́n á nawọ́ sókè, ẹnìkejì wọn á ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé kí ló ń lé wọn.

Àwa náà ní tiwa ní Yábàá l'Ékòó. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó ti wà níbẹ̀ láti 1907 gbajúmọ̀ nínú fíìmù Yorùbá ju ọ̀pọ̀ òṣèré lọ, bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ nìkan la sábà máa ń gbọ́. Ìyáálé tó fi nǹkan sínú ọbẹ̀ orogún rẹ̀ ní apá kìíní, kí apá kejì tó jáde, gèlè ti fò lọ, ó ń bá adìyẹ ṣèpàdé. Àbúrò ọkọ rẹ̀ á ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sí Yábàá. Kódà bó jẹ́ Abẹ́òkúta ni wọ́n wà, tí ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró ò jìnnà! (Ẹ̀san oògùn ló mú un o, dókítà ni wọ́n ń gbé e lọ bá.)

Ṣùgbọ́n olólùfẹ́ fíìmù tó bá fẹ́ ṣàbẹ̀wò, ẹ jọ̀ọ́, kó má sáré dé ẹnu géètì yẹn ní Harvey Road, kó má sì nawọ́ sókè. Ìyá alágbàdo ẹ̀gbẹ́ títì á rọra bi í pé, "Ọmọ mi, ta lẹ jọ wá?" Kó yáa kọjá sí ilé sinimá, kó ra gúgúrú.