Alájọ Ju Adójútòfò Lọ

Ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Delta bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Òfin ìjọba àpapọ̀ sì sọ irú rẹ̀ di dandan ní 2022. Síbẹ̀, ní ọjà Igbudu ní Warri, ẹ dárúkọ àjọ, ojú á là; ẹ dárúkọ adójútòfò, wọ́n á máa wo yín níran. Òṣì kọ́ ló fà á tán, torí ẹni tó ń dá àjọ lójoojúmọ́ ṣì rí nǹkan yọ sápá kan. Alájọ ń wá sídìí àtẹ, owó sì ń padà lóṣù bí ara tilẹ̀ le koko. Adójútòfò ní tirẹ̀ ń retí kéèyàn ṣàìsàn kó tó jẹ nínú owó rẹ̀. Ta ló fẹ́ ṣe àmín sírú àdúrà bẹ́ẹ̀? Ẹ ní kò séwu fún ẹni tí kò ní adójútòfò, torí òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 kò jẹ́ kí ilé ìwòsàn kọ aláìsàn pàjáwìrì? Ìtanràn rẹ̀ ₦100,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Owó àsansílẹ̀ ilé ìwòsàn mìíràn ju ìtanràn náà lọ.